Ganáṣà Lára Ògiri Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dé láti ilẹ̀ Sípéènì ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń fọ́n wínníwínní sórí Dansoman, àdúgbò wa ní Accra. Ìyá wa ti se ìrẹsì, ó ti wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ìdájí. Àpótí kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi gbé wọlé. Nígbà tó ṣí i, kì í ṣe ẹ̀bùn ló kọ́kọ́ mú jáde. Aṣọ ìnura tútù kan ni, tó wé bí ẹni wé ọmọ jòjòló. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ bíi mélòó kan ló wà nínú rẹ̀, wọn kò sanra ju ìka ọwọ́ lọ.

Ìyá wa wo igi náà, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ṣé àgbo lo fẹ́ fi wọ́n sè ni?"

"Rárá, Màámi. Àjàrà ni."

Èmi àti ìyá mi wo ara wa. Inú ìwàásù ni àwa ti mọ àjàrà, àti lára páálí omi èso tí ìyá wa ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Okaishie. Kò sí èyí tó ní igi nínú.

Mo ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ní gbogbo ọdún tó lò lọ́hùn-ún, orí fóònù ni a ti ń kí ara wa. "Ara le?" "Ara le." "Iṣẹ́ ńkọ́?" "Ó wà níbẹ̀." Mo rò pé tó bá dé, ọ̀rọ̀ á máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gba ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Abossey Okai, ó ń ta dígí ọkọ̀ níbẹ̀, a kì í sì í gbọ́ ohùn rẹ̀ nílé ju ká kí ara wa lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé. Á fọ òróró ọwọ́ rẹ̀ dànù, á wá lóṣòó síwájú ògiri ẹ̀yìnkùlé, níbi tó gbin àwọn igi rẹ̀ sí. Gbogbo wọn ló kú, àfi ẹyọ kan.

Mo gbọ́ tó ń pe ẹyọ kan náà ní Ganáṣà. Ìyá wa náà gbọ́. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀.

"Ta ni Ganáṣà? Àbí ó bí ọmọ fún un lọ́hùn-ún ni?"

Èmi ni mo lọ bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tó dé.

"Orúkọ àjàrà yìí ni. Àjàrà pọ̀ ní oríṣiríṣi, bí iṣu ṣe pọ̀. Èyí ni kì í sá fún oòrùn. Tí ooru bá mú tí àwọn yòókù ń rọ, òun á kàn dúró síbẹ̀, á máa wò ọ́."

Ganáṣà kò sá fún oòrùn Accra lóòótọ́. Ó gun ògiri, ó di wáyà tí ẹ̀gbọ́n mi ta fún un mú, ó tàn dé orí òrùlé ilé ìdáná. Ní ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú ewé rẹ̀ kọjá, á di àwọ̀ ewé kó tó balẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá jókòó sábẹ́ rẹ̀ dà bí ẹni tó wà lábẹ́ odò. Ìyá wa gbé àga rẹ̀ lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí n kò bá lọ sí ọ́fíìsì, èmi náà á tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà, mo ń sùn, mo ń jí. Mo máa ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ èrò tọ́rọtọ́rọ̀ lójú títì, mate, ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, ń pe èrò, etí mi á sì gbà á bí ohùn ẹni tó ń pè láti ìlú mìíràn.

Ṣùgbọ́n kò so. Ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀lé e, ewé nìkan ṣáá ni. Obìnrin Gã tí ilé rẹ̀ kangun sí tiwa na ọrùn lórí ògiri lọ́jọ́ kan, ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí pè wá, ó ní, "Ẹ̀yin Alata, igi yín yìí, ṣé ẹ̀ṣọ́ ni àbí oúnjẹ?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní kò tíì sùn ni.

"Igi ń sùn?" Èmi ni mo béèrè.

"Lọ́hùn-ún, òtútù ló máa ń lé e lọ sùn. Ewé rẹ̀ á gbọ̀n dànù, á dà bí òkú. Tó bá jí ló ń so. Níbí, kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé ilẹ̀ ti ṣú."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí eruku bo òrùlé tí ètè gbogbo ènìyàn sì ń là, ẹ̀gbọ́n mi kò bomi rin ín mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá wa ti Okaishie dé, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti lọ jókòó, ó bá àga rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ gbalasa. Ẹ̀gbọ́n mi ti gé gbogbo ẹ̀ka náà. Kùkùté kan àti apá kúkúrú díẹ̀ ló kù lára ògiri.

Ìyá wa kò pariwo. Ó gbé àga rẹ̀ wọlé. "O ti pa á," ló wí, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Oúnjẹ rẹ̀ wà lórí tábìlì lójoojúmọ́, èmi ni mo ń sọ fún un pé ó wà níbẹ̀.

Ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí ìdí kùkùté náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá wa lọ sá aṣọ, mo gbọ́ tó pè mí jẹ́ẹ́jẹ́. Omi ń kán lójú ibi tí wọ́n ti gé ẹ̀ka náà, ó mọ́ bí omijé, ẹ̀kán kan lẹ́yìn èkejì.

"Ó ń sunkún," ni ìyá wa wí.

Ẹ̀gbọ́n mi yọ láti balùwẹ̀, ọṣẹ ṣì wà ní etí rẹ̀. Ó wò ó títí.

"Ó ti jí nìyẹn, Màámi."

Ìyá wa fọwọ́ kan omi náà, ó tọ́ ọ wò. "Kò ní iyọ̀," ló wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ nìyẹn láti ọjọ́ tó gé igi.

Ewé tuntun rú, òdòdó kéékèèké tẹ̀lé e, òórùn wọn fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé tí o bá wá a, o ò ní rí i. Lẹ́yìn náà ni èso, ó kọ́kọ́ le, ó tutù bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ẹyẹ rí i kí àwa tó rí i. Ìyá wa ló mú àwọ̀n àpò àlùbọ́sà wá láti ọjà, ó fi wé ṣìrì kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ganáṣà kò kánjú. Ẹyọ kan á pọ́n, èkejì rẹ̀ á ṣì wà ní tútù, títí gbogbo rẹ̀ fi dúdú díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀run tó ń ṣú.

Ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀gbọ́n mi gé ṣìrì tó tóbi jù. Obìnrin Gã náà wá. Ó ju ẹyọ kan sẹ́nu, ó fi èdè Twi ní, "Ɛyɛ dɛ," pé ó dùn, ó sì mú òmíràn. Ìyá wa ní ó dà bí àgbálùmọ̀ tí ẹnì kan tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kó má kan mọ́. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó bẹ́ kí eyín tó dé ibẹ̀.

Mo ti ra ìgò ọtí kan tí wọ́n fi irú àjàrà yìí ṣe pamọ́. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé èdè Faransé ni wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò, Girénáṣì, pé ọ̀kan náà ni. Mo ti fi í sínú omi tútù díẹ̀ nítorí ooru. Nígbà tí mo gbé e jáde, ẹ̀gbọ́n mi gba ìgò náà, ó ń yí i wò.

"Ẹ ti mu ún yó lọ́hùn-ún," ni mo wí.

"N kò mu ún rí. Èmi ń já a ni. Ọkọ̀ á wá, á gbé e lọ."

Mo dà á sínú ife. Ọtí náà pọ́n, ṣùgbọ́n kò pọ́n púpọ̀. Mo rí ìka mi láti òdì kejì ife. Ó dà bí sóbólò, omi ìṣápá, tí kò ní ṣúgà, tí ata gbígbẹ díẹ̀ kan, ooru rẹ̀ sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Ìyá wa fi ètè kàn án, ó tún fi kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi mu tirẹ̀, ó di ojú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ìyá arúgbó kan ló ni oko tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo dé, n kò gbọ́ èdè rẹ̀, ọwọ́ mi ló ń dì mú láti fi ibi tí màá gé hàn mí. Orúkọ mi le lẹ́nu rẹ̀, ó wá ń pè mí ní ọmọ. Àwọn igi kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bàbá bàbá rẹ̀ ló gbìn wọ́n. Nígbà tí ìyá náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ilẹ̀. Katakata dé láti hú àwọn igi náà. Mo bẹ ẹni tó ń wà á pé kó dúró díẹ̀."

Ó nawọ́ sí ògiri. "Èyí ló kù nínú ìwọ̀nba tí mo rí gé."

Ìyá wa gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ó máa ń fún ọ lóúnjẹ?"

"Ó máa ń fún mi, Màámi."

"Kí ló máa ń sè?"

"Ẹ̀wà funfun. Búrẹ́dì tí wọ́n tì bọ inú òróró. Nígbà òtútù, ọbẹ̀ ẹran ehoro."

"Ehoro," ni ìyá wa tún wí, bí ẹni tó ń fi í pamọ́. "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

Ó tún béèrè bí ilé obìnrin náà ṣe rí, bóyá ó ní ọmọbìnrin, irú aṣọ tó ń wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ ń gùn sí i. Obìnrin Gã náà kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò dìde. Mo gbé orí mi lé etí àga ìyá mi, mo ń gbọ́ wọn lọ, oòrùn sì ń fi ògiri náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.