Ìlú Mẹ́ta Tí Mo Fò

Ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, Tóyìn, ṣe tó ṣì kù láyé ni ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan tó ti dípẹtà lẹ́bàá títì ní Ayégbajú-Èkìtì. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ yóò kó o lọ pẹ̀lú àwọn òkú ọkọ̀ yòókù.

Ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́. Mo ń ti Ìkọ̀lé lọ sí Ìdó, mo sì ní kí awakọ̀ dúró kí n ra iṣu. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni òórùn kan gbà mí nímú: èéfín wáyà ìjórin, tó korò lọ́nà ọ̀fun bí ewúro tó jóná. Jórinjórin kan ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà nígbà kan. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú koríko, ni ọkọ̀ Tíṣà Àgbà wà, olóògbé tó fìgbà kan jẹ́ olùkọ́ àgbà wa. Ọ̀dà ara ọkọ̀ náà ti bó tán.

Ìyá oníṣu rí i pé mo dúró sójú kan. Ó ní, "Ẹ kú ìdúró, mọ́mì. Bí ẹ bá fẹ́ yọ nǹkan lára rẹ̀, ẹ tètè yọ ọ́. Ọjọ́bọ̀ ni tírélà ń bọ̀."

Bàbá mi kì í jó géètì, kì í jó fèrèsé. Bọ́dì ọkọ̀ nìkan ni tirẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ló lè jó géètì," ló máa ń wí, "páànù ọkọ̀ luṣẹ́," ìyẹn ni pé òun gan-an ni iṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, páànù ọkọ̀ fẹ́lẹ́. Bí iná bá pẹ́ lójú kan, yóò lu; bí a bá sì kánjú, yóò wú, kò ní padà sí bó ṣe wà mọ́.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí àbúrò bàbá mi fi ẹ̀rọ ìjórin kékeré kan ránṣẹ́ láti òkè òkun. Kò nílò gáàsì. Ó ń fa wáyà jáde fúnra rẹ̀ bí aláǹtakùn, oògùn inú wáyà náà ló sì ń rú èéfín bo irin tó ń yọ́. Àwọn èèyàn wá wò ó láti Ọ̀yẹ́. Bàbá arúgbó kan yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ta lẹ fi pamọ́ sínú rẹ̀ tó ń ti wáyà?"

Ṣùgbọ́n iná rẹ̀ le ju ohun tí páànù lè gbà lọ. Bàbá mi wá ọgbọ́n dá. Wọn yóò jó o ní ẹyọ kan lápá ibí, tó! Wọn yóò dúró kí irin tutù, kí wọ́n tó jó ẹyọ kejì lápá ọ̀hún. Láàárín ẹyọ méjì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ka ìlú mẹ́fà tí bàbá mi ti ṣiṣẹ́ rí: Ìpáò, Ìtapàjí, Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ayégbajú, Ìdó. Lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan, a ó mí sínú, a ó mí síta. Bí títì ṣe tò wọ́n ni. Kódà bí iyán bá ṣì gbóná, ìyá mi á ní, "A ò tíì dé Ìdó, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Èmi ni mò ń ka ìlú. Tóyìn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló ń jórin. Ẹyọ tirẹ̀ máa ń tò bí ẹyin ìgbín, débi pé àwọn awakọ̀ ń sọ pé ọmọbìnrin yẹn làwọn fẹ́ kó ṣe ọkọ̀ àwọn. Bàbá mi á fi àtẹ́lẹwọ́ ra iṣẹ́ náà, á ní, "Ọwọ́ rèé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi lọ ra ọ̀dà ní Ìkọ̀lé, ó fi ilẹ̀kùn Tíṣà Àgbà sílẹ̀ fún Tóyìn. Ọjọ́ eré ìdíje ilé-ìwé wa ni. Mò ń gbọ́ fèrè àti ariwo láti pápá, ara mi ò balẹ̀. Ìbòjú bo ojú Tóyìn, ìbọ̀wọ́ awọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀; kò lè mọ bí irin ṣe gbóná tó. Ẹnu mi ló gbẹ́kẹ̀ lé: Ìdó ló ń dúró gbọ́. Nígbà tó ṣe ìdajì, mo fo Ìtapàjí. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo fo Ọ̀yẹ́. Mo fo Ayégbajú.

Nígbà tó ṣí ìbòjú, ìdajì òkè ilẹ̀kùn ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí.

"Ọ̀nà Ìdó mà kúrú lónìí o," ló wí. "Máa lọ, eré ń lọ."

Nígbà tí bàbá mi dé, ó kígbe pé, "Oníkánjú! Ta ló ń lé ọ?" Tóyìn kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ọwọ́ mi ló yá jù." Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò sọ̀rọ̀. Bàbá mi fi pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ bo ibi tó wú, ó ti ẹ̀rọ náà mọ́ yàrá, ó ní iṣẹ́ irin kì í ṣe ti Tóyìn. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ẹbí wa kan l'Ékòó kó lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ibẹ̀ ni àìsàn ti mú un. Kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ wálé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo lọ bá bàbá mi ní Ìpáò. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó yí ojú sí ibi tí ohùn mi ti ń bọ̀.

"Ìlú mélòó lo fò?"

"Mẹ́ta, bàbá."

"Èwo àti èwo?"

Mo dárúkọ wọn. Ó ń ká ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí," ló wí, "mo rò pé ọwọ́ ọmọ mi ni." Nígbà tó yá, ó ní, "Mú mi lọ. Mo fẹ́ fọwọ́ ra apá ibi tó jó dáadáa."

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo padà sábẹ́ igi máńgòrò. Jórinjórin yẹn jó ẹyọ kan, ó dúró, ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo bi í pé kí ló ń kà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìlú ni, mọ́mì. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Èmi gan-an ò mọ̀dí ẹ̀." Mo ní kó kà á sókè. Ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kà. Kò fo ọ̀kan.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí n gé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà lọ. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní láìsí ìwé ọkọ̀, kò sẹ́ni tó lè gé nǹkan kan lára rẹ̀. Mo sọ ti bàbá mi fún un. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ni a máa bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Bí bàbá bá ti dé ṣáájú, kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́ o, mọ́mì. Tírélà ò ní dúró."