Kòkòrò Inú Gíláàsì Búnsì

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ilé Caleb Oyèbọ̀dé ní Ìkàrẹ́, búnsì ló máa ń béèrè. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Gíláàsì tó wà ní fàràńdà yẹn, gíláàsì búnsì ni: férémù onígi, igun mẹ́rin, ilẹ̀kùn kékeré lẹ́yìn, irú èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Ìgbà tí èèyàn bá sún mọ́ ọn ló máa tó rí i pé búnsì kankan ò sí níbẹ̀, àfi òkúta, èèpo igi, ewéko wẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́, àti omi tó ń ṣàn lára gíláàsì látinú bí òógùn.

"Bàbá, búnsì yín ti hù o!" ni ọlọ́kadà kan pariwo lọ́jọ́ kan. Caleb rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ náà kiri gbogbo àdúgbò, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ fún Dámiláre ọmọ rẹ̀ lórí fóònù ní Àbújá. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí rí. Kí ẹlòmíràn tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun á ti ṣe é tán.

Ọmọ Ọ̀ka ni, ọmọ àgbẹ̀ kòkó. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì, tó ń ya àwòrán ewéko tó máa ń gbé lórí igi sójú bọ́ọ̀dù, tó ń pariwo pé kí wọ́n ya tiwọn dáadáa. Ẹ má wulẹ̀ bi í bóyá ó fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ilé sì gbóná fún gbogbo wọn. Ó ń tún ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ṣe. Ó ń tún ìwàásù pásítọ̀ ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá la ẹnu sọ̀rọ̀, ìdajì ni onítọ̀hún máa sọ, Caleb á sọ ìdajì tó kù.

Ó wá di ọjọ́ kan tí àwọn àbúrò rẹ̀ gé igi obì ògbólógbòó kan lóko bàbá wọn l'Ọ́ka. Ara ẹ̀ka rẹ̀ ni Caleb ti rí ewéko kan tí ewé rẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì lọ, tó rọ̀ mọ́ èèpo igi. Àbúrò rẹ̀ ti gbé àdá sókè. "Àfòmọ́ ni, Bùọ̀dá, ẹ kúrò lọ́nà."

"Dúró! Ọ́kíìdì ni! Ó máa ń yọ òdòdó, kì í fa oje igi bí àfòmọ́!"

Àwọn yẹn wo ojú ara wọn. Ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọ́n rò pé ìfẹ̀yìntì ti kàn án lórí. Àfòmọ́ tí bàbá wọn ná owó àdá lé lórí títí ó fi kú, òun ni àkọ́bí rẹ̀ gbé sínú fìlà, tó sì rọra gbé lé orí itan nínú mọ́tò títí dé Ìkàrẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ọ́kíìdì kékeré báyìí ò fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Inú gíláàsì tí ọ̀rinrin wà ló máa ń gbé. Zipporah ìyàwó rẹ̀ sì ní gíláàsì, èyí tó fi ń ta búnsì ní géètì ilé ìwé kí orúnkún tó dá a dúró sílé. Caleb yá a fún oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta di ọdún mẹ́rin. Kì í ṣe pé Zipporah ò rí i. Kì í bá a jiyàn ni. Ẹni tó bá bá tíṣà gbélé láti ìgbà èwe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu òun.

Ṣé ẹ rí ìyà tí Caleb jẹ nítorí ewéko yẹn? Ó gun òkè l'Ọ́ka, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, kó lè ha ewéko tútù tó máa ń bo àpáta lásìkò òjò. Omi òjò nìkan ló ń fi wọ́n ọn, débi pé àwọn ará ilé kejì ń bi Zipporah bóyá kànga wọn ti gbẹ ni. Nígbà ọyẹ́, ó ń fi aṣọ òun fúnra rẹ̀ bo gíláàsì, òun á wá máa gbọ̀n.

Ní oṣù keje ọdún yìí ni Zipporah sọ̀rọ̀. "Tíṣà, orúnkún mi ti sàn. Ọjọ́ Mọ́ńdè tí ilé ìwé bá wọlé, mo máa gbé gíláàsì mi lọ."

Caleb kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Màmá Dámiláre, jọ̀ọ́. Kò tíì yọ òdòdó rí."

Obìnrin náà ro ó. "Ó dáa. Bí ó bá yọ òdòdó kí ọjọ́ yẹn tó pé, ẹ máa mú gíláàsì, màá ní kí káfíńtà kan òmíràn fún mi. Bí kò bá yọ, ẹ kó koríko yín jáde."

Caleb fẹ́ rí òdòdó yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kò fẹ́ nǹkan mìíràn mọ́ láyé. Ọmọ ti lọ, ilé ìwé ti gba tíṣà tuntun, kò sí ẹni tó ń dìde kí i pé "gúùdù mọ́nìn sà" mọ́. Ewéko yìí nìkan ló kù tó ń retí ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá yọ òdòdó, á jẹ́ pé ọwọ́ náà ṣì wúlò. Bí kò bá yọ, á jẹ́ pé òun kàn ń bomi rin àfòmọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn àbúrò òun ṣe wí.

Oṣù kẹjọ dé, kòkòrò sì dé. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá, oṣù kan náà, orí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà tó máa ń yọ láàárín ewé: nǹkan funfun róbótó, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni Caleb. Ó ti rí bí kòkòrò funfun bí òwú ṣe ba kòkó bàbá rẹ̀ jẹ́ títí ẹkún fi gba ẹnu ìyá rẹ̀. Kò dúró béèrè. Ó lọ ra ògógóró, nítorí pé ògógóró máa ń pa irú wọn. Díákónì ni o! Ó ní kí ìyá tó ń tà á fi bébà dì í, ó ní ewéko lòun fẹ́ fi tọ́jú. Ìyá yẹn ní, "Mo gbọ́, sà. Ewéko ọ̀hún á gbádùn rẹ̀."

Ó rẹ òwú sínú rẹ̀, ó fi òwú náà dé orí igi ìtayín, ó ń nù wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bú wọn bó ṣe ń nù wọ́n. Zipporah ń kọjá lọ.

"Tíṣà, àwọn nǹkan funfun yẹn dà bí ẹni pé..."

"Kòkòrò ni. Mo ti mọ̀ wọ́n."

"Rárá, ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé..."

"Mo ní mo ti mọ̀ wọ́n, Màmá Dámiláre. Mo ti bá wọn jà lọ́dún tó kọjá."

Obìnrin náà wọ ilé ìdáná lọ.

Ó kó òkú wọn, mẹ́tàdínlógún, sínú ìgò kékeré. Ó wá pe Florence, ọmọ tó kọ́ níjọ́un, tó ti di òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń yí oko àwọn ará Àjọwá ká. Ó ní kó wá wo ìkà tí kò jẹ́ kí òdòdó òun yọ. Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè ọjọ́ náà ni Florence dé. Ó da díẹ̀ nínú òkú náà sórí àwo, ó fi fóònù rẹ̀ yà wọ́n, ó fẹ àwòrán náà títí ó fi kún ojú fóònù.

"Ṣé o rí wọn?" ni Caleb wí. "Ìkà gbáà ni wọ́n."

"Sà, kì í ṣe kòkòrò." Ó yí fóònù sí i. "Òdòdó ni."

Caleb bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Òdòdó ni lóòótọ́. Ó ní abala márùn-ún tó funfun, àti ètè kékeré tí ilà àlùkò gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fàràńdà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Mẹ́tàdínlógún! Tọdún yìí nìkan! Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń fún òdòdó ní ọtí mu kú! Florence, máàkì mélòó ni mo fún ọ ní bàọ́lọ́jì níjọ́sí?"

"Ogójì, sà. Ẹ ní mi ò kì í wo nǹkan dáadáa."

Ẹ̀rín náà gé. Ó dùn ún wọ egungun. Ó gbójú sókè, ó rí Zipporah lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ mọ̀?"

"Láti ọdún àkọ́kọ́."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ?"

"Mo sọ. Ọdọọdún ni mo ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ kì í jẹ́ kí n parí." Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá, ìyẹn gan-an ló dun Caleb jù. "Lọ́dún àkọ́kọ́, mo rò pé bóyá bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ nìyẹn, bí a ṣe máa ń já òdòdó àkọ́kọ́ ara ata dànù. Ta ló máa kọ́ Tíṣà ní bàọ́lọ́jì?"

Florence, tó ti gbọ́ àdéhùn náà lẹ́nu Caleb, fẹ́ tu ọ̀gá rẹ̀ nínú, ó ní òdòdó kúkú yọ kí ọjọ́ tó pé, gíláàsì ti di ti Bàbá. Zipporah náà gbà, ó ní àdéhùn ni. Caleb ní rárá. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, òun fúnra rẹ̀ ló kó òkúta àti ewéko jáde, ó fọ gíláàsì náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi ọṣẹ, ó fi omi gbóná. Ó gbé ọ́kíìdì sínú ìgò fífẹ̀ tí wọ́n fi ń ta ṣúìtì. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, búnsì pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú gíláàsì ní géètì ilé ìwé, àwọn ọmọ sì yí i ká.

Tọ́sìdeè ni Caleb wo inú ìgò tó rí ohun funfun kan lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tuntun. Lójú tirẹ̀, nǹkan funfun lásán ni. Ó wò ó títí ojú rẹ̀ fi ń ro ó. Kò rí abala, kò rí ètè, kò rí ilà. Ó mọ̀ pé kò ní rí i. Ó jókòó tì í láti àárọ̀ títí kẹ̀kẹ́ fi já Zipporah sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn tí ilé ìwé parí.

"Màmá Dámiláre, jọ̀ọ́, bá mi wò ó. Sọ ohun tí o rí fún mi."

Obìnrin náà fa àpótí, ó jókòó, ó gbé ojú sún mọ́ ìgò. Ó ní ó funfun, ṣùgbọ́n kì í ṣe funfun báláú, ó fi díẹ̀ jọ omi ògì. Ó ní ètè rẹ̀ yọ síta bí ti ọmọ tó ń bínú. Ó sinmi díẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀, Caleb ò bá a wá a. Ó ní ilà kan wà níbẹ̀, ó pọ́n ju bó ṣe rí nínú fóònù lọ. Ó ní ó tún dà bí ẹni pé ó ní òórùn, kí òun rọra gbọ́ ọ dáadáa. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́.

Zipporah yíjú, ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Tíṣà, ṣé kò rẹ̀ yín? Ẹ ò sọ nǹkan kan láti ìgbà yìí."

Caleb ní kò rẹ òun, kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.