Tíṣà Ọlábánjí, Olórí Ẹgbẹ́ Eegun Òkúta

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Tíṣà Ọlábánjí dùbúlẹ̀ níwájú katapílà ní Ìlobù. Wọ́n ń la ọ̀nà tuntun ni katapílà bá hú òkúta rìbìtì kan jáde, tí ìlà wínníwínní wà lára rẹ̀ bí ìpẹ́. Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó ń wá eegun ẹranko àtijọ́ tó ti di òkúta. Bó ṣe rí i báyìí, ó ṣí fìlà, ó nà gbalaja sínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni awakọ̀ ń bẹ̀ ẹ́.

"N ò dìde. Ọ̀nì ni èyí! Kí wọ́n tó bí baba ńlá rẹ ló ti kú. Ṣé o ò rí ìpẹ́ ara rẹ̀ ni?"

Iṣẹ́ dúró, èrò pé jọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gá àwọn tó ń la ọ̀nà wá láti Òṣogbo. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkúta náà, ó fọwọ́ pa á lára, ó ní, "Bàbá, sìmẹ́ńtì ni. Wọ́n gbàgbé àpò sìmẹ́ńtì kan síbí, òjò pa á, ó dì. Ojú àpò lẹ̀ ń pè ní ìpẹ́ yẹn."

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ ara rẹ̀ nù, ó ní, "Ó dáa. Ọdún wo ni òjò náà rọ̀?"

Bó ṣe rí nìyẹn. Ó lè ṣì í, ṣùgbọ́n ojú kì í tì í. Nígbà tí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ gbé pátákó síta, akọ̀wé pátákó kò fi àmì ohùn sí i, gbogbo ayé sì ka eegun sí eégún. Àwọn àgbà ìdílé eléégún wá bá a nílé, inú wọn ò dùn rárá. Wọ́n ní eégún wo ló fẹ́ jáde tí àwọn ò gbọ́ sí i? Tíṣà gbé àga fún wọn, ó fi àwọn òkúta rẹ̀ hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, tòun kì í jó.

Rhoda, ìyàwó rẹ̀, ló rí ìyà òkúta wọ̀nyí jù. "Bàbá Fisáyọ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti kún. Ibo ni kí n kó àwọn garawa mi sí?"

"Kó wọn síta. Garawa ò ní ìtàn."

Àárọ̀ Sátidé ni ẹgbẹ́ máa ń jáde. Àwọn ọmọ Ìlobù wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Ìfọ́n náà wà níbẹ̀. Sofiyullah, mẹkáníìkì ọ̀kadà, ló máa ń gbé àpò Tíṣà láti Ìlobù. Mùíbátù, aránṣọ ará Ìfọ́n, ni ojú rẹ̀ mú jù nínú wọn. Wọ́n á tọ etí odò lọ, wọ́n á yẹ kòtò tí wọ́n ti ń wa yanrìn wò, wọn kì í sì í rí nǹkan kan. Ẹnìkan láti yunifásítì wá ṣàlàyé fún wọn pé òkúta agbègbè wọn ti jóná nínú ooru ilẹ̀ kí ẹranko tó dáyé, pé kò lè ní eegun nínú. Ara gbogbo wọn rọ. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, ó wá kọjú sí ẹgbẹ́, ó ní, "Ẹ ti gbọ́. Sátidé tó ń bọ̀, ẹ má pẹ́ o."

Ìgbà tí wọ́n háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni Mùíbátù tó rí ìkarahun òkun kan nínú òkúta ẹfun, kékeré bí èékánná. Tíṣà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìbàdàn kó tó la ẹnu. "Òkun ló ni ibi tá a ti ń bọ̀ yìí tẹ́lẹ̀," ló wí. "Òun náà ti kó lọ."

Lẹ́yìn náà ni ìjà ilẹ̀ tó ti wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ tún gbiná. Ilé jó, ẹ̀mí bọ́. Ṣọ́ọ̀bù Sofiyullah jóná ráúráú. Ó búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ Ìfọ́n mọ́. Mùíbátù pàdánù ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì gbé fóònù ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹgbẹ́ tú ká.

Tíṣà kò gbà. Ó ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni ìpàdé yóò ti máa wáyé, nítorí kò sẹ́ni tó ń bá ará ibẹ̀ jà. Kò sẹ́ni tó wá. Síbẹ̀, Sátidé kan kì í kọjá kó má gbé àpò òkúta rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, àwọn sójà tí ìjọba kó wá nítorí ìjà náà dá a dúró lójú ọ̀nà.

"Bàbá, kí ló wà nínú àpò?"

"Òkúta."

Ọwọ́ sójà tó bi í lọ síbi ìbọn. "Ta lẹ fẹ́ sọ ọ́ lù?"

"Sọ kẹ̀? Òkúta yìí? Ọmọ mi, jókòó." Tíṣà tú àpò kalẹ̀ lójú títì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ayé ṣì gbóná bí iná. Oòrùn kan àtàrí, kò tíì dórí ọ̀nì. Sójà náà fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀kadà dúró fún un. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè báyìí, wọ́n á ti gbé igi ojú ọ̀nà sókè.

Bó bá dé Ẹ̀rìn, á jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé, á gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, á béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀, á dúró díẹ̀, á gbàdúrà ìparí. Rhoda bi í pé, "Ta lẹ bá ṣèpàdé?"

"Ènìyàn ò pọ̀ púpọ̀," ló fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ló ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ní kóun rẹjú díẹ̀. Kò jí mọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Mùíbátù nìkan ló wá láti Ìfọ́n. Bó ṣe wọ abẹ́ kánópì, tó kúnlẹ̀ níwájú Rhoda, gbogbo ojú yí sí i. Ọkùnrin kan béèrè kíkan-kíkan pé, "Ta ló pe eléyìí?"

Rhoda fa Mùíbátù dìde, ó mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. "Ọkọ mi ni," ló wí. "Gbogbo Sátidé ló ń pè é."

Nírọ̀lẹ́, kò sí ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé e padà sí Ìfọ́n. Sofiyullah ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Ó dìde, ó ta ẹ̀rọ ọ̀kadà tirẹ̀. "Ẹ gùn ún, mà."

Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìfọ́n. Ọkọ Mùíbátù jáde, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì ń wo ara wọn. Sofiyullah ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

Ọkọ Mùíbátù yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Wọlé," ló wí. "Wá mu omi."

Sofiyullah wọlé, ó jókòó sétí àga, ó mu omi. Baálé ilé wá béèrè pé, "Kí lẹ̀ ń wá kiri gan-an ní gbogbo Sátidé wọ̀nyẹn?"

"Eegun ni, sà."

"Ṣé ẹ sì rí i?"

Sofiyullah wo Mùíbátù, Mùíbátù wò ó. "A ò rí ẹyọ kan," ni Sofiyullah wí, ẹ̀rín sì gbé àwọn méjèèjì lọ, ẹ̀rín tó le débi pé baálé ilé náà bá wọn rín in láìmọ ìdí rẹ̀. Àárín ẹ̀rín náà ni Sofiyullah ti fọwọ́ bojú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún Tíṣà rẹ̀. Ọkọ Mùíbátù wọ́ àga sún mọ́ ọn, ó sì gbé ọwọ́ lé e léjìká.