Ṣáńpíọ̀nù Òkè Kápẹ́ẹ̀tì

Ẹ jókòó dáadáa kí n tó sọ ọ́, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣubú. Èmi Akínrẹ̀mí Akíndúró, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, tó ń gbé ní Becontree, ládùúgbò Dagenham ní London, ṣáńpíọ̀nù ni mí nínú eré sikí, eré tí àwọn òyìnbó máa ń de pátákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n á fi máa yọ̀ láti orí òkè tí yìnyín bò wálẹ̀. Ife ẹ̀yẹ mi wà nílé, ike ni wọ́n fi ṣe é. Ọdún kan péré ni mo fi jẹ ṣáńpíọ̀nù ọ̀hún. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, wọ́n ti kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń dúró, ni mo bá gbẹ̀yìn pátápátá. Yìnyín gan-an kò sí lórí òkè náà o, kápẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ibi tí ẹ̀rín wà ṣì ń bọ̀.

Nígbà tí a wà ní Àkúrẹ́, máníjà báńkì ni mí. Mo sanra, mo ń pàṣẹ, mo sì ń rẹ́rìn-ín débi pé láti ẹnu géètì ni àwọn oníbàárà ti máa ń gbọ́ ohùn mi. Ẹ̀rín yẹn ni Ìbíwùmí ìyàwó mi rí tó fi gbà láti fẹ́ mi. Kì í ṣe ẹwà, torí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó rí físà gbà láti wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní London, mo tẹ̀ lé e wá bí ẹrù tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Tìmílẹ́hìn, ọmọ wa kan ṣoṣo, dúró sílé parí yunifásítì rẹ̀.

Ìgbà tí a dé Dagenham ni mo tó mọ̀ pé ipò máníjà kò sí lára mi rárá, inú káàdì tí mo máa ń so kọ́rùn ló wà. Iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa to sáńwíìṣì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan nítòsí Dagenham East. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ kò yí. Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà pé kí ló ń wá nínú ilé mi. Ilé Becontree jọra wọn ju ìbejì lọ, ilé tiwa wà ní òpópónà kejì. Obìnrin náà ló fọwọ́ mú mi lọ sílé, ó sì sọ fún Ìbíwùmí pé kó máa ṣọ́ mi.

Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín mi bá lọ. Mi ò mọ ọjọ́ tó lọ. Ìbíwùmí á ti ibi iṣẹ́ dé, á ní, “Ṣé ẹ ti jẹun?” Màá ní mo ti jẹun. Màá ní, “Iṣẹ́ ńkọ́?” Á ní, “A dúpẹ́.” Ó parí nìyẹn. Obìnrin tó máa ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhàá tí mo bá ti dápàárá, ó wá ń wò mí bí ẹni ń wo fíríìjì: ó wà níbẹ̀, kò bàjẹ́, ó tán. Ó dùn mí wọ eegun. Gbogbo ohun tí mo ń wá nílé ayé nígbà yẹn kò ju pé kí ìyàwó mi tún máa wò mí bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìjọ Aládùúrà tí à ń lọ wà ní Barking. Aṣọ funfun ni gbogbo wa ń wọ̀, a kì í sì í wọ bàtà sí i, tó bá di ìgbà òtútù, ẹsẹ̀ mi á le gbagidi bí òkú ẹja. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kejì, ẹ̀mí gbé Ìyá Wòlíì Abímbọ́lá. Wọ́n na ọwọ́ sí apá ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní, “Mo rí ọkùnrin kan nínú aṣọ funfun lórí òkè funfun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, síbẹ̀ ó ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn òyìnbó ń dúró dè é nísàlẹ̀, inú wọn sì ń dùn.”

Ẹ bá mi dá a rò. Nínú ìjọ tí gbogbo ọkùnrin ti wọ aṣọ funfun, ẹni tí orí rẹ̀ pé á kọ́kọ́ béèrè pé èwo nínú wa. Èmi ò béèrè. Mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní mo gbà á. Godswill, tó máa ń dáná ní ilé ìwé kan, wà lẹ́yìn mi gẹ́lẹ́, ó ń yán. Àṣà wa sì ni pé tí wọ́n bá ríran sí èèyàn, kó dúró lẹ́yìn ìsìn kí wòlíì túmọ̀ rẹ̀ fún un, kí wọ́n sì sọ irú àdúrà tó máa gbà. Èmi sáré lọ síbi iṣẹ́. Mo ní kí ló kù tí wọ́n fẹ́ túmọ̀ fún odidi máníjà báńkì?

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró ní ibùdókọ̀, bọ́ọ̀sì kan dé. Àwòrán ọkùnrin kan wà lára rẹ̀ gàdàgbà, ó wọ aṣọ funfun, ó de pátákó mọ́ ẹsẹ̀, ó ń fò wálẹ̀ láti orí òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Mo kígbe “Jésù!” Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra fa ọmọ rẹ̀ sún mọ́ra.

Báyìí ni mo ṣe wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ sikí. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo tún wọ bọ́ọ̀sì, mo dé òkè àtọwọ́dá kan ní Essex tí wọ́n tẹ́ nǹkan tó rí bíi búrọ́ọ̀ṣì ìfọlẹ̀ sí láti òkè délẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ni àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ń pè é. Ẹni tó ń kọ́ni ń jẹ́ Ammar, Whalebone, tí kò jìnnà sí ilé wa, ni wọ́n bí i sí. Ó bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ọjọ́ ogbó ni mo rántí sikí. Mo ní Olúwa ló rán mi. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun náà kì í fi kírun ṣeré, àmọ́ kí n kọ́kọ́ wọ bàtà.

Bàtà ọ̀hún! Ó le bíi POP tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ ní ọsibítù. Ammar ní tí mo bá fẹ́ dúró, kí n kó imú pátákó méjèèjì jọ, kí n ya gìgísẹ̀. Èmi ya gbogbo ẹsẹ̀ láti itan, mo ń lọ, ẹsẹ̀ kan ń lọ sápá òsì, èkejì ń lọ sápá ọ̀tún, gbogbo àwọn tó wà lórí òkè dúró ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí. Ìṣubú orí kápẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìṣubú orí yìnyín o. Ó ń bó awọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ìgbọ̀nwọ́ mi bó, imú mi bó. Ibì kan tún bó tí mi ò lè fi han ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí ìyàwó mi.

Mo sì fi hàn án. Mo ń tiro wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń ròyìn fún un, ẹ̀rín ara mi gbé mi lọ. Láti ìgbà náà, tó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Ibo ló bó lónìí?” Lọ́jọ́ kan mo fi páálí sáńwíìṣì méjì ṣe pátákó ẹsẹ̀, mo ń fi hàn án ní pálọ̀ bí mo ṣe gbá òyìnbó kan lulẹ̀, tí mo sì ń bẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń wọ́ ọ lọ. Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Inú mi dùn dẹ́yìn. Mo ní ẹ wò ó, àsọtẹ́lẹ̀ ti ń ṣẹ.

Ẹnu mi kò gbé jẹ́ẹ́. Mo sọ fún gbogbo ìjọ pé ìdíje àwọn tó ti lé ní ọdún márùnlélógójì ń bọ̀ lóṣù Kẹfà, pé kí wọ́n máa fi mí sádùúrà. Wọ́n ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá Olókè. Mo ń jẹ́ ẹ, mo tún ń fi ọwọ́ gba àyà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìdíje ni Godswill jáde láti jẹ́rìí. Ó ní òun ti rí iṣẹ́ ní ilé ìtura ńlá kan ní Switzerland, lábẹ́ òkè tí yìnyín bò. Orí òkè ni àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn. Láràárọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n so rọ̀ mọ́ wáyà ló máa gbé òun sọ̀ kalẹ̀ lójú òfurufú, nínú aṣọ funfun àwọn agbọ́únjẹ, àwọn òyìnbó á sì ti máa retí oúnjẹ òun nísàlẹ̀. Ìyá Wòlíì fò sókè, wọ́n ní, “Ṣé mi ò sọ ọ́? Ìwọ ni mo rí!” Ìjọ hó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí wọ́n fẹ́ bá kẹ́dùn. Ojú tì mí débi pé mo ń wá ibi tí màá fi ẹsẹ̀ mi sí, ó dà bíi pé ẹsẹ̀ náà ló jẹ̀bi.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ní, “Ìyá Tìmí, ó tán. Mi ò lọ sórí òkè kankan mọ́.”

Ó ní, “Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀yin.”

“O mọ kí ni?”

“Ọjọ́ tí ẹ sáré lọ síbi iṣẹ́, mo lọ bá Ìyá Wòlíì kí n lè bá yín gba àlàyé. Wọ́n ní Godswill ni àwọn rí, pé kí ó rọra máa gbàdúrà, kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ ọ́ síta.”

Inú bí mi. Mo ní, “O wá ń wò mí tí mò ń fi imú gbá kápẹ́ẹ̀tì láti oṣù Kejì? O rí mi bí aláìlórí!”

Kò wò mí, ojú fèrèsé ló kọjú sí. Ó ní, “Mo fẹ́ sọ. Mo jókòó dè yín lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ lọ yẹn, kí n lè sọ fún yín. Àmọ́ ẹ wọlé, ẹ ń tiro, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Tìmí, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yín kẹ́yìn kó tó di ọjọ́ yẹn. Mo ti rò pé ó ti tán. Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ máa tún dákẹ́.”

Mo fi ọwọ́ bo ojú, mo ní òòrùn ló ń wọ̀ mí lójú. Òjò ló ń rọ̀ níta.

Nígbà tó yá, mo ní, “Tí kì í bá ṣe Ọlọ́run ló rán mi, ta ló wá rán mi?”

Ó ní, “Èmi ni mo rán yín. Ẹ máa lọ.”

Ni mo bá lọ. Lọ́jọ́ ìdíje, Ìbíwùmí ti ibi iṣẹ́ wá tààrà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó dúró sísàlẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Àwọn tá a jọ fẹ́ sáré wọ aṣọ tó lẹ̀ mọ́ wọn lára. Èmi wọ ṣòkòtò tí mo fi ń sùn lásìkò òtútù. Ẹnì kan ò ríran sí mi, ẹnì kan ò dúró dè mí àfi ìyàwó mi. Wọ́n fọn fèrè. Mo ti ara mi wálẹ̀.

Mo ti sọ fún yín pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Gbogbo àwọn yòókù dé ibi tí òkè náà ti ṣẹ́ kọ́nà, wọ́n rọra. Èmi gbìyànjú láti rọra, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo ń pariwo Halelúyà, mo sì ń pariwo kí wọ́n kúrò lọ́nà. Mo kọjá ìlà, mo kọjá àwọn tó ń pàtẹ́wọ́, mo kọjá Ammar tó na ọwọ́ láti mú mi, àwọ̀n tí wọ́n ta sí ìpẹ̀kun ló gbà mí. Nígbà tí wọ́n tú mi sílẹ̀, wọ́n ní kò sí ẹni tó yára tó mi. Ọkùnrin tó gbé ife fún mi ní irú ìgboyà báyìí ṣọ̀wọ́n. Mi ò já a nírọ́.

Àmọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi ti wú, bàtà náà kò ṣeé bọ́. Ammar fà á, ó tì. Ìbíwùmí ní kó sún sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn arúgbó tó ń tọ́jú. Mo ní, “Ìyá Tìmí, dìde, àwọn èèyàn ń wò wá.”

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ojoojúmọ́ ni mò ń bọ́ bàtà fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Láti ìgbà tá a ti dé, mi ò bọ́ ti ọkọ mi rí.”

Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀, kò sì gbé ojú náà kúrò lára mi. Bàtà kan bọ́. Mo na ẹsẹ̀ kejì sí i.