Fóòmù Aláwọ̀ Eérú Tí Ọkọ Mi Gé Kúrò

Ọwọ́ ọkọ mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba eré sísá lẹ́sẹ̀ ọmọ wa. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ni, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ohun tí kò sì tíì yé mi títí di òní nìyẹn. Odindi ọdún mẹ́tàdínlógójì ni Micah fi ṣe ṣúmékà ní oríta Iwaraja, n kò sì mọ ẹni tó gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀ tó bínú. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bàjẹ́, ti Wúrà ọmọ wa ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ ná. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó ṣe tíṣà, ṣùgbọ́n bàtà ló ń tú kiri. Ó sọ fún mi pé nígbà tóun wà ní kíláàsì kẹrin, ọ̀gá ilé-ìwé bọ́ bàtà sílẹ̀ kó tó wọnú oko ilé-ìwé, òun sì jókòó sẹ́yìn kíláàsì, òun tú bàtà náà láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀, òun tún tò ó padà kí ọ̀gá tó dé. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ìṣó kan péré ló ṣẹ́ kù sí i lápò. Ó tọ́jú ìṣó náà títí ó fi di ọkọ mi, orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń wà, òun ló fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó. Bí ó bá ní kí n mú awọ tó nípọn tó ìṣó méjì wá, mo ti mọ ohun tó ń wí.

Bí ènìyàn bá gbé bàtà wá, Micah á kí i dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á ti wà ní ìsàlẹ̀ bàtà. Ó máa dojú rẹ̀ délẹ̀, á wo ibi tó ti jẹ. Láti ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ pé apá òsì lẹni yìí fi ń gbé ẹrù, tàbí pé ẹni yìí máa ń kánjú. Ó ti bi ìyàwó tíṣà kan rí bóyá oyún inú rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́rin, obìnrin náà kò sì tíì sọ fún ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó tì í. Èmi ni mò ń fi gọ́ọ̀mù pa bàtà, èmi ni mò ń di ìsàlẹ̀ mú kó fi kàn án. Ọ̀bẹ nìkan ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn.

Ohun tó kórìíra jù láyé ni iṣẹ́ burúkú tí ṣúmékà mìíràn bá ṣe. Bí o bá gbé bàtà wá torí okùn, tó sì rí i pé wọ́n ti lẹ ibòmíràn láìdáa, á tú u, á tún un ṣe, kò ní bi ọ́. Ìwà yìí ló kó wa síyọnu.

Wúrà ni àbíkẹ́yìn wa. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Iléṣà, ó sì ń sáré, eré ọlọ́nà jíjìn, ẹgbẹ̀rún márùn-ún mítà. Lọ́dún tó ṣáájú, ipò kẹrin ló ṣe nígbà tí wọ́n ń yan àwọn tó máa sáré fún ìpínlẹ̀ wa, ẹni mẹ́ta ni wọ́n sì mú. Ó ní tóun ò bá wọ inú àwọn mẹ́ta lọ́dún yìí, òun á gbé eré tì, òun á gbájú mọ́ iṣẹ́ òun. Mo mọ ọmọ mi. Tó bá ti sọ ọ́, á ṣe é.

Ó ra kánfáàsì òkìrìkà kan lọ́dọ̀ Àsmá'ù, obìnrin Òṣogbo tó jẹ́ pé bàtà eré ìdárayá nìkan ló ń tà. Tayọ̀tayọ̀ ló gbé e síwájú bàbá rẹ̀. Micah dojú rẹ̀ délẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ sì le. Láàárín rọ́bà tó ń kan ilẹ̀ àti ibi tí ẹsẹ̀ ń jókòó lé, fóòmù funfun tó nípọn ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ inú, láti gìgísẹ̀ dé àárín, fóòmù mìíràn ni, àwọ̀ eérú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ funfun, ó wọlé bíi búrẹ́dì. Ó tẹ eérú, kò wọlé. Ó mú ìkejì, bákan náà ni.

“Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́,” ló wí. “Ṣúmékà ọ̀lẹ kan wà nílùú òyìnbó náà. Fóòmù funfun tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi èyí tó rí dí i.”

Mo ní, “Bàbá Wúrà, ẹsẹ̀ méjèèjì? Ẹ̀gbẹ́ inú kan náà?”

“Ọ̀lẹ tó létò ni, Ìyá Wúrà.”

Mo rẹ́rìn-ín. Títí di òní ni mò ń rántí ẹ̀rín yẹn. Ó gé fóòmù eérú náà kúrò lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó gé fóòmù sílípáàsì ilé ìwẹ̀ tó rọ̀ dí ibẹ̀, èmi ni mo fi gọ́ọ̀mù pa á. Ó fá a dọ́gba títí ẹ ò fi ní mọ̀ pé wọ́n tú u rí. Wúrà wọ̀ ọ́, ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó ní bíi pé òun ń rìn lórí bẹ́ẹ̀dì. Inú wa dùn lọ́jọ́ náà.

Micah kì í da nǹkan nù. Bàbá Elisha, kàtíkíìsì tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti dà sínú láti ọjọ́ pípẹ́, gbé bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Micah fi fóòmù eérú náà sí i nísàlẹ̀, lápá inú, torí ó ní ohun tó bá le máa ń pẹ́ kó tó jẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Wúrà ní orúnkún ń dun òun, lápá inú. Nọ́ọ̀sì ní kó sinmi. Ó sinmi, ó padà sórí eré, ó tún burú sí i. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ní oríta, bí àgbà obìnrin. Bàbá rẹ̀ gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ inú ti pẹlẹbẹ bí ìgbà tí mọ́tò gun orí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òde sì dúró bó ṣe wà. Micah ní bàtà tí kò dáa ni Àsmá'ù tà fún un. Ní ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ̀nà Òṣogbo, ọkọ mi sì ń tún ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún un tò lẹ́nu títí a fi débẹ̀.

Àsmá'ù jẹ́ kó sọ tán. Ó gba bàtà, ó tẹ̀ ẹ́, ó bèèrè ẹni tó tú u. Micah ní òun ni, ó sì fi ìgbéraga sọ ọ́. Obìnrin náà na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa kánfáàsì kan yọ, ti ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ ńlá, tí wọn ò tíì wọ̀ rí, tí pépà ṣì wà nínú rẹ̀. Orúkọ kan náà. Fóòmù funfun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, àwọ̀ eérú. Ẹsẹ̀ méjèèjì.

“Ẹ má bínú, bàbá,” ló wí. “Kò sẹ́ni tó lẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.”

Micah gbà á, ó tẹ funfun, ó tẹ eérú, ó tún tẹ funfun. N kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá ibi jókòó, orí àpò bàtà ló jókòó sí, kò sì mọ̀ pé òun ti jókòó.

Àsmá'ù ní òun kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n àwọn sárésáré tó ń rajà lọ́wọ́ òun fún ogún ọdún ti kọ́ òun. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá gbá ilẹ̀, ilẹ̀ náà ń gbá ẹsẹ̀ padà, fóòmù tó rọ̀ ló sì ń dúró sáàárín wọn tó ń gba ìyà náà kó má bàa dé orúnkún. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ẹsẹ̀ kan wà, bí wọ́n bá ti balẹ̀, wọ́n á dà sínú. Bí ohun tó wà lábẹ́ wọn bá ṣe rọ̀ tó ni wọ́n á ṣe dà tó, egungun á lọ́, orúnkún á sì máa san gbèsè tí kò jẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi èyí tó le sápá inú.

“Èyí tó rọ̀ ń gba ẹsẹ̀ mọ́ra,” ló sọ fún ọkọ mi, “èyí tó le ń sọ fún un pé ó tó.”

Ó ní kí Wúrà bọ́ bàtà, kó fi ẹsẹ̀ kan dúró lórí sìmẹ́ńtì, kó tẹ orúnkún díẹ̀. Ojú wa báyìí ni àárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, tí orúnkún sì yà sínú. Àsmá'ù wá wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ Micah, ó ní bí bàbá kò bá ní bínú, kí bàbá náà dúró bẹ́ẹ̀. Micah kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó dúró, ẹsẹ̀ kan náà ni. Àfi bí ẹni pé wọ́n ya ti Wúrà lára tirẹ̀. Ẹni tó ń ka ìsàlẹ̀ bàtà gbogbo Iwaraja! Apá inú ni bàtà tirẹ̀ ti ń jẹ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ó sì máa ń sọ pé bí òun ṣe ń jókòó síbi iṣẹ́ ló fà á. Èmi náà gbà á gbọ́.

Àsmá'ù ní kí a máa gbé kánfáàsì ńlá náà lọ, kí Micah gé fóòmù eérú tirẹ̀ fún ti Wúrà. A gbé e, ṣùgbọ́n Micah ní òun á kọ́kọ́ lọ gba èyí tóun gé padà. A dé ilé Bàbá Elisha. Bàbá jáde wá pàdé wa lójú ọ̀nà, ó ń rìn gbọnrangandan, kò mú ọ̀pá. Ó ní láti ọjọ́ tí Micah ti tún bàtà yẹn ṣe, òun kò mọ ibi tóun gbé ọ̀pá sí. Micah kí i, ó bèèrè iṣu rẹ̀, a sì yí padà. Ní ìsàlẹ̀ òkè, Micah ní, “Ohun tí mo pè ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ló gbé bàbá yẹn dúró.”

Oṣù méjì ló kù kí wọ́n yan àwọn sárésáré. Wúrà fi oṣù kan sinmi, Micah sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fóòmù tó gé lára bàtà ńlá gùn ju ti Wúrà lọ, ó ní láti fá a, kó nípọn ní gìgísẹ̀, kó sì máa fẹ́lẹ́ bọ̀ dé àárín, torí bó bá nípọn jù, á ti ẹsẹ̀ sóde, ìyẹn náà á di àrùn mìíràn. Ó fi í síbẹ̀ láìní gọ́ọ̀mù, ó ní kí Wúrà rìn, ó yọ ọ́, ó fá a, ó tún dá a padà. Ọkùnrin tó máa ń tún bàtà mẹ́wàá ṣe kí oòrùn tó kan àtàrí fi ọjọ́ mẹ́jọ ṣe ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan. Ó tú ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó ní ó di Mọ́ńdè.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó mu omi, ó ní àyà òun wúwo. Kí mọ́tò tó gbé e dé Iléṣà, ó ti kú. N kò mọ ohun tí mo tún lè kọ síbẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kò tíì rún.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Wúrà ní òun kò sáré mọ́. Àwọn ẹbí ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ilẹ̀ sàréè bàbá rẹ̀ kò tíì gbẹ. N kò bá wọn jiyàn. Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí wọ́n sáré nígbà tí mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù láti dá bàtà àwọn oníbàárà padà. Ẹsẹ̀ òsì wà lórí tábìlì bó ṣe tú u sílẹ̀, fóòmù eérú tí kò tíì fá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ya àtẹ́lẹsẹ̀ Wúrà sórí pépà kan, ó fa ìlà mẹ́ta kọjá lórí rẹ̀. Lórí ìlà gìgísẹ̀, ó ya ìṣó mẹ́ta. Lórí èyí tó tẹ̀ lé e, méjì. Lórí èyí àárín, ẹyọ kan. Ìṣó bàtà ọ̀gá ilé-ìwé náà ló fi tẹ pépà mọ́lẹ̀.

Mo jókòó sórí àga rẹ̀. Mo mú ọ̀bẹ.

Mo kọ́kọ́ fi fóòmù sílípáàsì dánra wò, mo ba mẹ́ta jẹ́. Fóòmù eérú tó kù kò ní ìkejì, bí mo bá fá a jù, ó parí nìyẹn. Mò ń fá a bí ẹni ń fá orí ọmọ tuntun, mo sì ń fi ìṣó wọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin, Wúrà wá wò mí, ó bá mi pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lórí itan. Ó ní kí ni mò ń ṣe.

Mo ní, “Ẹsẹ̀ òsì ló kù.”

Ó bọ́ sílípáàsì, ó na ẹsẹ̀ sí mi.

Lọ́jọ́ eré, ní Òṣogbo, Àsmá'ù wá bá mi jókòó. Ìyípo méjìlá ààbọ̀ ni wọ́n máa ń sá. N kò wo ojú Wúrà rárá, orúnkún rẹ̀ ni mò ń wò. Ní ìyípo kẹjọ, ó wà ní ipò kẹfà, orúnkún náà kò sì yà. Ní ìkọkànlá, ó wà ní ìkarùn-ún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tó kù, Àsmá'ù ló sọ ọ́ fún mi, torí omi ti bo ojú mi. Ó ní ipò kẹta ni Wúrà ṣe, pé àyè àárín rẹ̀ àti ẹni tó tẹ̀ lé e kò gùn tó apá kan. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá jókòó lórí koríko níwájú mi, ó ń mí gúlegúle, ó bọ́ bàtà, ó sì kó méjèèjì lé mi lọ́wọ́. Kí n tó kí i kú oríire, mo ti dojú wọn délẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ẹ̀gbẹ́ inú àti ẹ̀gbẹ́ òde, wọ́n jẹ dọ́gba.