Dísíkẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta

Ọdún méje ni Gbọ́njúbọ́lá Ajíbádé fi lépa oyè dókítà ní yunifásítì. Ìwádìí rẹ̀ kò ju ọ̀nà kan lọ: bí kọ̀ǹpútà púpọ̀ tó jìnnà síra yóò ṣe máa tọ́jú àkọsílẹ̀ kan náà, tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá yí tirẹ̀ padà, ti àwọn yòókù á tú àṣírí rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ta ló rí kọ̀ǹpútà kan, áḿbọ̀sìbọ́sí púpọ̀. Inú a bí i, ṣùgbọ́n wọn ò purọ́.

Lọ́dún 1994, wọ́n ní bí kò bá kó iṣẹ́ náà wá lọ́jọ́ Ajé, kó máa lọ sílé. Kò sí pépà ní ẹ̀ka wọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti bàjẹ́, inú dísíkẹ́ẹ̀tì, àwo pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sí, nìkan ni iṣẹ́ ọdún méje wà. Ó dà á kọ sórí mẹ́ta. Ọ̀kan wà nínú báàgì rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ Àrínọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní Ọlọ́runṣògo, ọ̀kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá wọn ní Àkànràn. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ìyá náà. Ọ̀mọ̀wé kì í ráyè kọ́ ará ilé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ gba àdúrà lẹ́nu ìyá rẹ̀, ìyá àdúrà nínú ìjọ Aládùúrà, tó ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó lọ kí àwọn àgbà ilé. Nígbà tó padà, dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí aṣọ funfun, òróró ń kán lára wọn.

“Mo ní kí Àrínọlá gbé tirẹ̀ wá,” ni ìyá náà wí. “Bí a bá gbàdúrà sórí ẹyọ kan, ọ̀tá á lọ ba méjì tó kù jẹ́. Mo fi èékánná ṣí ẹnu wọn, òróró wọ inú gbogbo wọn. Ìkankan ò yọ sílẹ̀.”

Gbọ́njúbọ́lá wo ojú tí ààwẹ̀ ti gbẹ yẹn, ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ ṣé, Màámi.”

Lọ́jọ́ Ajé, kọ̀ǹpútà kò ka ìkankan. Ọ̀gá rẹ̀ mi orí, ó ní, “Ṣebí ìwọ lo ní ká má kó àkọsílẹ̀ jọ síbì kan?” Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

“Ṣé wọ́n gba iṣẹ́ náà?” ni ìyá rẹ̀ bi í nígbà tó padà délé.

“Wọ́n gbà á, Màámi.”

Ìyá náà pe ìjọ jọ fún ìdúpẹ́. Láti ọjọ́ náà, Dókítà ni ìyá náà ń pe ọmọ rẹ̀ títí ìyá náà fi kú, ọmọ náà sì ń jẹ́ ẹ.