Àga Bàbá Wọn

Àga àtijọ́ tí Ìyá Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rà, ó ní kí káfíńtà tún ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn kó dúró ṣánṣán, ó rò pé ó wọ́. Kò wọ́; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ó kọ́gbọ́n, ó sì kó mọ́kànlá mìíràn jọ, irú èyí tó wà ní pálọ̀ bàbá rẹ̀ láyé ọjọ́un. Ti bàbá gan-an wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó fẹ́ là á fi dáná.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ilé yín ti kún. Ibo lẹ máa gbé e sí?”

“Àga bàbá mi kọ́ lo máa fi se omi. Bí kò bá ráyè wá bá mi, èmi á wá bá a.”

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ní Sátidé, ọkọ̀ akẹ́rù dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ilé àbúrò ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wà di òní, nínú yàrá tó kọjú sí títì, òun, àga méjìlá rẹ̀, àti ti bàbá wọn.